Ọjọ́ tí A Pe Òyìnbó Jẹun Lẹ́yìn Odi

Ẹ̀yin ará Ìwó, ẹ̀yin oníbàárà mi, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé imú ni màá máa fi sọ̀rọ̀ tí mo bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé, mo ti dé o, ẹnu ni mo ṣì fi ń sọ̀rọ̀. Láti Jímọ̀ tí mo ti wọlé ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa tún un sọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ọkọ̀ òfuurufú ṣe rí, kó bi ẹlòmíràn, torí mo sùn débẹ̀ ni.

Ohun tí mo bá lọ kò pamọ́ fún yín. Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Mùínátù, ti lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ní Peckham, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí wọ́n ń ṣe, ọkọ wọn ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì ti bá tirẹ̀ lọ sí Kánádà. Bàbá Àgbà, olórí ẹbí wa, ló pè mí. "Àjò ò dùn kónílé má relé," ni wọ́n wí. "Lọ mú ẹ̀gbọ́n ẹ wálé. Má wulẹ̀ padà tí ò bá dá ọjọ́ fún ẹ." Mo ní mo ti gbọ́. Inú mi ń dùn pé mò ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ní kí n lọ mú òṣùpá bọ̀, màá ní mo ti gbọ́ náà.

Peckham

Peckham dùn mí níjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo ti ra kóòtù, mo ti ra ìbọ̀wọ́, mo ti múra ọkàn sílẹ̀ láti rí ìlú àjèjì. Àfi bí mo ṣe bọ́ sí títì tí wọ́n ń pè ní Rye Lane tí mo bá iṣu, ẹja gbígbẹ, ata rodo, ìgbín tó ń gun ara wọn nínú garawa, àti obìnrin kan tó ń fi èdè Ìbàdàn bú ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo bi Àǹtí bóyá ọkọ̀ òfuurufú yẹn yí po lójú ọ̀run ni, tó tún gbé mi padà sílé.

Ibi tí mo ti mọ̀ pé ilé kọ́ nìyí: mo dé ibùdókọ̀, mo kí gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ pé ẹ káàárọ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló dáhùn. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, ajá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Sìdí, calm down," ni Àǹtí wí fún mi. "Ìlú òyìnbó ṣì wà níwájú. Àwọn women mosque wa ń lọ sí castle ní Saturday. Mo ti fi orúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀."

"Kí ló ń jẹ́ castle?"

"Ààfin àtijọ́ tí wọ́n mọ odi yí ká, pẹ̀lú ọgbà ńlá. Èmi náà ò débẹ̀ rí. Thirty-four years, Sìdí: work, mosque, Rye Lane, ilé. Every year ni wọ́n máa ń lọ, every year ni mo máa ń wà ní shift."

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbí, bó tilẹ̀ ń tì mí lójú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, bí a ṣe ń mu tíì, Àǹtí bi mí pé, "Yàrá mi ńkọ́?" Yàrá tí bàbá wa fún wọn ni wọ́n ń bèèrè, èyí tó wà lápá ọ̀tún béèyàn bá wọ ilé wa, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi ọsàn. Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Àǹtí. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án." Mo sì tún da ṣúgà sí tíì tí mo ti da ṣúgà sí tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ ti dúró nínú yàrá náà rí. Ibẹ̀ ni mo ti ń wọ̀n yín láti rán aṣọ. Máṣíìnì ìránṣọ méje ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì ìlọṣọ, ìdì aṣọ tó ga kan àjà, àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú ni mo ti gbà á. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbà á, mo rò ó pé Àǹtí ò ní padà wá mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, n ò tiẹ̀ rò ó mọ́. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, ọ̀rọ̀ tí mo fi ń parí ni pé, "Àǹtí, ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wálé? Gbogbo wa ń retí yín." Wọ́n á ní, "Láìpẹ́, inshallah." A ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ bíi sàláámù.

Lójú ọ̀nà

Ẹni tó kó wa lọ ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sister Kúdí. Deptford, ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. "Mummies, ẹ jọ̀ọ́, seat belt yín," ló ń wí. "And please, mi ò fẹ́ rí stew on the seats. Ẹ remember last year." Gbogbo ojú yí sí Alhaja kan tó jókòó lẹ́yìn, ìyẹn náà yí ojú sí fèrèsé.

Kò sẹ́ni tí kò gbé kúlà oúnjẹ dání. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín eléwé, dòdò àti adìẹ díndín ló wà nínú tiwa. Láti ìdájí ni èmi àti Àǹtí ti ń sè é, a sì ti pín itan adìẹ méjèèjì mọ́ra wa lọ́wọ́ kó tó jinná. Ẹ fi oúnjẹ yìí sọ́kàn.

Bí a ṣe ń kọjá Forest Hill, ṣọ́ọ̀bù ni mo ṣì ń wò. Nígbà tí mo tún gbójú sókè lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kò sí ilé mọ́. Pápá ni, tó tutù yọ̀yọ̀, àgùntàn sì ń jẹ̀ káàkiri. "Àǹtí, ẹ wo àgùntàn," ni mo wí, "kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí fi ọwọ́ gbá mi lórúnkún pé kí n má dójú ti àwọn, àmọ́ imú tiwọn náà ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì.

Ààfin tí ò lọ́ba

Ẹ̀yin èèyàn mi, àárín omi ni wọ́n kọ́ ààfin yìí sí. Omi yí i po, pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, afárá onígi kan ṣoṣo lèèyàn sì lè gbà wọlé. Òkúta ni wọ́n fi mọ odi, ó nípọn débi pé mo na apá mi sínú ihò fèrèsé kan títí dé èjìká, ọwọ́ mi ò yọ síta. Lókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n dá ihò sí àjà. Ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń da òkúta àti omi gbígbóná lé ọ̀tá lórí. Mo ní kí Sister Kúdí bá mi bi í pé ta ni ọ̀tá ọ̀hún. Ọkùnrin náà rò ó díẹ̀, ó ní àwọn aládùúgbò wọn ni. Àwọn Alhaja wo ara wọn, wọ́n ní ìyẹn yé àwọn.

Inú gbọ̀ngàn ńlá ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe. Láti ẹnu ọ̀nà ni ojú mi ti ń wá ẹni tí a máa kí. Ọmọ Ìwó ni mí. Èèyàn kì í wọ ààfin kó máa la ẹnu wo òrùlé bí ẹni tó wá ra ilé. Àga ọba wà níbẹ̀ lóòótọ́, igi dúdú tí wọ́n gbẹ́ ni, wọ́n sì ta okùn pupa síwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí ẹ̀. Mo rò ó pé bóyá ọba wà ní ìyẹ̀wù. Mo bá fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, mo ní, "Kábíyèsí o."

Òṣìṣẹ́ kan sáré dé. Ó ti rò pé mo ṣubú ni. Ó dì mí lápá mú, ó ń bèèrè bóyá kí òun pe dókítà, èmi náà sì ń gbìyànjú láti parí ìkíni mi.

"She's all right, my dear," ni Àǹtí wí fún un. "She is greeting."

Òṣìṣẹ́ náà wò mí, ó wo àga, ó tún wò mí. Ó fi mí sílẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó sì dúró ṣánṣán tì mí títí mo fi dìde. Ìwà rẹ̀ wù mí. Àǹtí ti fara ti ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. N ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tún kúnlẹ̀ nítorí ẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ilé ìṣọ́ gíga kan nínú ààfin náà pé àtẹ̀gùn rẹ̀ kò dára fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Àǹtí kà á, wọ́n ní àwọn á gùn ún. Àtẹ̀gùn náà yí po bí ìkarahun ìgbín, ó há, mò ń ti Àǹtí láti ẹ̀yìn, ọ̀pá wọn ń dún mọ́ òkúta. Àwọn òyìnbó tò sẹ́yìn wa débi tí n ò rí ìparí wọn. Ká ní ilé ni, wọn ì bá ti pòwe fún wa. Àwọn wọ̀nyí, "Take your time" ni wọ́n ń wí. Mo ṣèèṣì tẹ ọ̀kan lẹ́sẹ̀, òun ló tún ní "Sorry." Mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i láti fi wò ó. Ó tún ní "Sorry."

Nígbà tí a yọ sókè, afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìborùn mi lọ. Ọgbà ààfin náà lọ títí dé ibi tí ojú ò tó. Igi ńláńlá wà níbẹ̀, tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni, adágún omi ń dán, àgbọ̀nrín sì ń rìn láàárín àwọn èèyàn bí ewúrẹ́ ilé. Mò ń fò sókè bí ọmọdé. Àǹtí ò wo ọgbà. Òrùlé ààfin tó wà nísàlẹ̀ wa ni wọ́n ń wò, òrùlé lẹ́yìn òrùlé.

"Yàrá pọ̀ báyìí," ni wọ́n wí, "kò sì sẹ́ni tó ń sùn nínú ẹ̀."

Mo dẹ́kun fífò. Mo ní ebi ń pa mí.

Ẹ wá jẹun

Abẹ́ igi ńlá kan ni a tẹ́ ẹní sí, àwọn Alhaja yòókù sì jìnnà sí wa díẹ̀. Tọkọtaya òyìnbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórí àga tí wọ́n máa ń ká, àwọn méjèèjì ti dàgbà. Búrẹ́dì tí wọ́n gé sí igun mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ, jẹ́jẹ́, láìsọ̀rọ̀. Mo ṣí kúlà. Òórùn ìrẹsì jáde. Àwọn méjèèjì yíjú.

Ẹ mọ bí ìyá wa ṣe tọ́ wa. A kì í jẹun lójú èèyàn ká má pè é. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, mo ní, "Come and eat."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó kàn. Ẹni tí a pè á ní, "Á gba ibi ire o," á máa bá tiẹ̀ lọ, yálà ó ti yó ni o, yálà ebi ń pa á kú lọ ni. Báyìí la ṣe ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọkùnrin òyìnbó náà dìde. Ó ká àga rẹ̀, ó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ẹní wa, ó tún un tẹ́. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwo ike méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Are you sure?" ni obìnrin náà bèèrè. "How very kind."

"Sìdí," ni Àǹtí wí lábẹ́lẹ̀, láì yọ ẹ̀rín kúrò lójú, "kí lo ṣe yìí?"

"Àǹtí, mo kàn pè wọ́n ni."

"Wọ́n ti wá."

Kí la fẹ́ ṣe? A bu ìrẹsì. Ọkùnrin náà gé mọ́ínmọ́ín sẹ́nu tewé-tewé, ó fi sùúrù jẹ ẹ́, ó ní ó dùn, títí Àǹtí fi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ tí wọ́n bó o fún un. Ata ta á, ojú rẹ̀ pọ́n bíi tòmátì, omi ń jáde nímú rẹ̀, ó sì tún na àwo. Ìyàwó rẹ̀ ní kí Àǹtí kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń sè é. Itan adìẹ kìíní lọ. Mò ń wo èkejì, ọkàn mi sì sọ fún mi pé òun náà ti di tẹni ẹlẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, obìnrin náà mú kéèkì kan jáde nínú àpò, tí jáàmù pupa wà láàárín rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Ó gé e, ó nà án sí mi. Ó wù mí dé eegun. Àmọ́ ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "No, thank you," mo wolẹ̀, mò ń retí kó rọ̀ mí.

"Oh, all right," ló wí, ó dá kéèkì padà sínú àpò.

Àǹtí Mùínátù dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Èjìká wọn ń gbọ̀n. Obìnrin náà fi ìdààmú bèèrè bóyá wọ́n ń sunkún ni. Mo ní rárá, ata ni.

Ohun tí Àǹtí bi mí

Tọkọtaya náà dúpẹ́ títí, wọ́n lọ wo àgbọ̀nrín. Dòdò méjì ló kù nínú kúlà. A mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ rí wọn?" ni mo wí. "Èèyàn á pè wọ́n, wọ́n á wá. Èèyàn á kọ̀, wọ́n á gbà pé ó kọ̀."

Àǹtí nu ojú wọn. "Ṣebí ìwọ lo pè wọ́n."

"Mo pè wọ́n lóòótọ́, àmọ́ n ò ní kí wọ́n wá."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń pè mí wálé, Sìdí."

Mo dá dòdò ọwọ́ mi padà sínú kúlà.

"Every phone call," ni wọ́n wí. "Àǹtí, ìgbà wo lẹ ń bọ̀? Èmi náà á ní soon, inshallah. Á gba ibi ire. Tí mo bá wá ká chair mi bíi ti bàbá yẹn, tí mo gbé e dé iwájú yín ńkọ́? Kí ló wà nínú yàrá mi?"

Mo fẹ́ tún purọ́. Mo ti lanu tán. Mo wojú wọn, irọ́ náà ò jáde.

"Máṣíìnì ni, Àǹtí. Méje."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ náà ni. Inú ibẹ̀ kọ́ lo ti máa ń pè mí ni? Tó o bá ń sọ pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, mò ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ẹ lórí phone: kẹ-kẹ-kẹ-kẹ."

Ojú tì mí débi pé ó wù mí kí ilẹ̀ ọgbà yẹn lanu kó gbé mi mì. Mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà, lọ́tẹ̀ yìí òṣìṣẹ́ kankan ò sáré wá. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí.

"Ẹni tó ní kí n wá jẹun," ni wọ́n wí, "ṣé kí n tún máa yọjú wo ìkòkò ẹ̀ ni?"

Mo wá bi wọ́n bóyá wọ́n tiẹ̀ fẹ́ wálé. Wọ́n ní gbogbo wa là ń bi àwọn pé ìgbà wo, ẹnikẹ́ni nínú wa ò bi àwọn rí pé ṣé ẹ fẹ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Dókítà tó mọ orúnkún wọn wà ní Peckham. Ẹgbẹ́ wọn wà ní mọ́ṣáláṣí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀, kí wọ́n tó lajú tán, ó ṣì máa ń ṣe wọ́n bíi pé igi ọsàn yẹn ló wà lẹ́yìn fèrèsé. Gbólóhùn yẹn ló pa mí lẹ́kún, mo sì sunkún gidi, lójú àgbọ̀nrín àti lójú òyìnbó.

"Ó tó," ni Àǹtí wí. "Kó machine ẹ jáde ná, tó o bá délé. Lẹ́yìn náà, kó o wá pè mí. But lẹ́ẹ̀mejì ni kó o pè mí o. Àkọ́kọ́, màá kọ̀, because mo ní home training. Má ṣe bíi ti ìyá oní-cake yẹn."

Ilé

Mo padà dé láìmú ọjọ́ kankan bọ̀. Bàbá Àgbà bínú sí mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbá yàrá.

Ọjọ́ méjì ni a fi gbá a. Ẹ̀já òwú àti àjákù aṣọ tó jáde lábẹ́ àwọn máṣíìnì yẹn kún àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta, àwọ̀ gbogbo aṣọ tí mo ti rán fún yín láti ọdún wọ̀nyí wá. Ẹ̀yin oníbàárà mi, abẹ́ àtíbàbà iwájú ilé ni máṣíìnì wà báyìí. Ẹ forí jì mí bí òjò bá ta sí yín lára nígbà tí mo bá ń wọ̀n yín.

Àná ni mo pè wọ́n, ní àárọ̀. Mo dúró sáàárín yàrá náà, ẹní nìkan ló wà nílẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ máa bọ̀ wálé."

"Ah, rárá o, Sìdí," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, bí àlejò. "Mo dúpẹ́."

Ọkàn mi já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún mi. N ò gé fóònù.

"Àǹtí, mo bẹ̀ yín. Ẹ wá."

Wọ́n dákẹ́. Ó pẹ́ débi pé mo wo fóònù bóyá ó ti gé. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí wọ́n ń tẹ́tí sí, èmi náà sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa: kò sí nǹkan tó ń dún nínú yàrá náà.

"Sìdí," ni wọ́n wí, "ọsàn yẹn, ṣé ó ti pọ́n?"